Ìlú Tí Kì Í Dífá Ọrọọrún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. A sábà máa ń fi òwe yìí tu ara wa nínú nígbà tí nǹkan bá le koko. Ṣùgbọ́n bí a bá tú òwe náà palẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ. Babaláwo mọ̀ pé ohun tí òun rí lọ́sẹ̀ tó kọjá ti lè yí padà, kò sì jẹ́ jókòó ti àsọtẹ́lẹ̀ àná. Kí ọ̀ràn tó dé ló ti ń bèèrè. Ojú ẹni tí ọ̀ràn kàn ló ti ń bèèrè. Bí Ifá bá sì yan ẹbọ, wọn kì í gbé ẹbọ náà sínú àpótí, wọ́n ń rú u ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni mo fẹ́ sọ lónìí o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Mo fẹ́ fi òwe yìí wo ọ̀rọ̀ kan tó dà bíi pé ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni, ṣùgbọ́n tó kan ẹni tí ń dín àkàrà lẹ́bàá títì ju bó ṣe kan gómìnà lọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ètò ìlú ni, àti bí àwọn ìlú wa ṣe ń tún un ṣe nígbà tí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́.

Ìwé ètò ìlú ni ìjọba fi ń sọ ibi tí ìlú ń lọ láàárín ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún: ibi tí àwọn èèyàn yóò máa gbé, ibi tí ọjà àti iléeṣẹ́ yóò wà, ibi tí ojú irin yóò gbà, ọ̀nà tí omi òjò yóò tọ̀ dé ọ̀sà, àti ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí. Nítorí pé ìlú kì í dúró sójú kan, àwọn onímọ̀ gbà pé ó yẹ kí wọ́n máa yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò lóòrèkóòrè, bí ọdún márùn-ún márùn-ún. Wọn yóò ka èèyàn, wọn yóò wo ohun tó ti wà lórí ilẹ̀, wọn yóò pe ará ìlú jọ, wọn yóò kọ àbá, wọn yóò gbé àbá náà síta kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè ta kò ó, kí ìjọba tó wá buwọ́ lù ú kí ó di òfin. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn. Bí ó ṣe ń rí lójú ayé ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ìdílé wa. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí ìyá bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ló ti ń ta aṣọ títí ìwé ètò ìlú kan fi gbé e dé Sùúrùlérè. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń fà pa àwọn èèyàn l'Ékòó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìjọba àwọn òyìnbó dá àjọ tí a mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ lọ́dún 1928 láti tún ìlú ṣe. Lọ́dún 1955, bí òmìnira ṣe ń súnmọ́ etílé, wọ́n mú ilẹ̀ tó tó éékà 70 ní àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n ní àwọn ilé tó wà níbẹ̀ ti há jù, wọ́n sì ti gbó jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o, wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Sùúrùlérè. Wọ́n ṣèlérí pé ẹni tó bá fẹ́ lè padà wá ra ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti tún ibẹ̀ ṣe tán. Ìwọ̀nba díẹ̀ lára wọn ni agbára rẹ̀ ká a.

Màmá àgbà kì í bú ilé tí wọ́n fún wọn. Ó máa ń sọ fún àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé ilé náà mọ́, pé omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Ohun tó máa ń fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé, "Àwọn oníbàárà mi ni wọn kò kọ́lé fún." Nígbà tí mo dé yunifásítì ni mo ka ìwé tí ọ̀gbẹ́ni Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, èyí tó jáde lọ́dún 1961. Òun náà rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ ni ọjà wọn dẹnu kọlẹ̀, tí owó ọkọ̀ ń jẹ wọ́n lówó, tí wọ́n sì jìnnà sí àwọn ẹbí tí wọ́n jọ ń gbọ́ bùkátà ara wọn. Ohun tí ọ̀mọ̀wé náà lọ láti ilé dé ilé kó tó rí, obìnrin tí kò kàwé ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹnikẹ́ni kò bi í ni.

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí tí wọ́n fá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀yìn olórí ni wọ́n ti fá a.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìgbà tiwa. Lọ́dún 1980, nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ gómìnà, ìpínlẹ̀ Èkó gba ìwé ètò ńlá kan tí iléeṣẹ́ Wilbur Smith láti Amẹ́ríkà bá wọn ṣe, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ogún ọdún ni wọ́n ṣe é fún, láti 1980 títí di 2000. Ìwé náà rí ọ̀nà jíjìn. Ó mọ̀ pé Èkó yóò kún, pé gbogbo ènìyàn kò lè máa wọ́ lọ sí erékùṣù kan ṣoṣo láràárọ̀, pé ó yẹ kí iṣẹ́ àti ọjà tàn ká orí ilẹ̀, pé ilé tí wọ́n máa nílò kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí lé ní mílíọ̀nù kan, àti pé tálákà ló máa nílò èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ifá ti sọ̀rọ̀. Ẹbọ wá ńkọ́? Jakande bẹ̀rẹ̀ ojú irin inú ìlú lọ́dún 1983. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ológun gbàjọba, nígbà tó sì di 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí owó gọbọi ti wọlẹ̀ sórí rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin inú ìlú tuntun l'Ékòó kọ́kọ́ kó èrò láti Marina sí Mile 2. Ogójì ọdún gbáko! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí Jakande fi ṣọ́bìrì lu ilẹ̀ ti di bàbá ọmọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn èèyàn ń kú sínú mólùẹ̀, wọ́n ń jí láago mẹ́rin ìdájí, ìlú sì ń dàgbà sí ọ̀nà tó wù ú.

Nígbà tí ọdún 2000 pé, ìwé ètò náà kú ikú ara rẹ̀. Ìjọba kò fi ìwé kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé wọ́n ń ṣètò agbègbè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Ìkòyí àti Victoria Island, Ìkẹjà, Apápá, Alímọ̀ṣọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ètò ìlú tuntun jáde lọ́dún 2010, lọ́dún 2022 sì ni ìjọba Babájídé Sanwó-Olú gbé ètò ìdàgbàsókè ọgbọ̀n ọdún jáde, èyí tí yóò gbé ìpínlẹ̀ náà dé ọdún 2052. N kò ní sọ pé iṣẹ́ wọ̀nyí kò wúlò. Ṣùgbọ́n omi tó ń ṣàn ní Alímọ̀ṣọ́ kò mọ ibi tí ìwé ètò Alímọ̀ṣọ́ parí sí, ẹni tó sùn ní Ìkòròdú ló ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòyí. Aṣọ tí a gé sí wẹ́wẹ́, ó di dandan kí ẹnì kan rán an pọ̀.

Iye àwa tí wọ́n ń ṣètò fún pàápàá, a kò mọ̀ ọ́n. Ìkànìyàn ọdún 2006 ní àwa tí a wà ní ìpínlẹ̀ Èkó lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Ìjọba ìpínlẹ̀ yarí, wọ́n ní nínú kíkà tí àwọn ṣe fúnra àwọn, a lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún. Ẹ gbọ́ o! Bí ọ̀kan bá tọ̀nà, èkejì ti sọ èèyàn mílíọ̀nù mẹ́jọ nù, tàbí kí ó ti bí wọn lórí ìwé. Wọ́n tún ṣètò ìkànìyàn mìíràn sí ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú. Ìyàwó ilé tí kò mọ iye ẹnu tó fẹ́ jẹun, báwo ni yóò ṣe wọn ìrẹsì?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà wá láti òkè ọ̀hún lè rò pé àrùn Èkó nìkan nìyí. Rárá o. Àbújá, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ lóṣù kejì ọdún 1976 lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgúdà parí iṣẹ́ wọn, ní àrùn tirẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà mẹ́ta tó para pọ̀ ló ṣe ìwé ètò rẹ̀ jáde lọ́dún 1979. Ètò àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n kó gbogbo àwọn Gbagyi àti àwọn mìíràn tó ni ilẹ̀ náà lọ síbòmíràn. Nígbà tí wọ́n rí iye tí yóò ná wọn, wọ́n yí ohùn padà lọ́dún 1978, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lè dúró. Ìlú kún ju bí wọ́n ṣe rò lọ nígbà tí ìjọba kó dé ibẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1991. Àwọn òṣìṣẹ́ kékeré, àwọn káfíńtà, àwọn tí ń fọ aṣọ àwọn ọ̀gá, kò ríbi sùn nínú ìlú tí wọ́n yà sórí ìwé, ni wọ́n bá lọ ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baálẹ̀ abúlé. Nígbà tó wá di ọdún 2003, ìjọba ní àwọn fẹ́ dá ìwé ètò ìlú padà sí bó ṣe wà. Láàárín ọdún náà sí 2007, katapílà wọ Kubwa, ó wọ Lugbe, ó wọ Idu. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn fojú bù ú pé àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé tó 800,000.

Èkó jẹ́ kí ìwé tirẹ̀ kú, Àbújá di ìwé tirẹ̀ mú bí ẹni pé ọdún 1979 kò parí rí. Ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó sanwó rẹ̀ ní ìlú méjèèjì. Ẹni kan náà ni. Ẹni tí ìwé kò rí nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ ni katapílà máa ń kọ́kọ́ rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iṣẹ́ ìròyìn gbé mi dé ìpàdé kan ní agbègbè kan l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń fi àbá ìwé ètò tuntun han ará àdúgbò. Máàpù aláràbarà wà lára ògiri, àwọn baálẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ onílé jókòó níwájú, àwọn ìyálọ́jà wà lẹ́yìn pátápátá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣàlàyé fún wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí a bèèrè ọ̀rọ̀, obìnrin kan tó ń ta ata, tí yóò ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá wa, níbo ni mo wà nínú àwòrán yìí?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣàlàyé bi í léèrè ibi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà, ó sì lọ fi ìka wá a lórí máàpù. Àwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀. Ọgbà ìgbafẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe. Ọmọlúàbí ni ọmọ náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, kì í ṣe nísinsìnyí, ó ṣì di ọdún mẹ́wàá sí i." Obìnrin náà ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Láàárín òní sí ìgbà yẹn, ta ni yóò máa sọ fún katapílà pé ọdún náà kò tíì pé?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tètè tán. Mo wá ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ náà rí lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Orúkọ obìnrin yẹn wà lára àwọn ará ìlú tí wọ́n ní àwọn bá jíròrò, nítorí pé ó fọwọ́ sí ìwé lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

N kò ka àwọn onímọ̀ ètò ìlú sí ọ̀tá. Mo mọ̀ nínú wọn tí wọ́n ń fi owó ara wọn ra epo sínú ọkọ̀ kí wọ́n lè lọ wo ilẹ̀. Wọ́n á ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún omi, alágbára kan á gba ìwé àṣẹ láti kọ́lé sí i. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ìwé ètò ìlú ni ó yẹ kí ó máa bá wa sọ fún àgbàrá pé a kò gbà. Ṣùgbọ́n òjò ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2011, tó gbẹ̀mí èèyàn l'Ékòó, fi hàn wá pé àgbàrá kì í bá ẹni tó gba ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣeré. Lọ́dún 2023 àti 2024, ìjọba wó àwọn ilé tó dí ọ̀nà omi ní agbègbè Ìkọtà àti Lẹ́kí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni ilé wọ̀nyẹn ní ìwé wà lọ́wọ́ àwọn. Bí ìwé bá wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, ta ló fún wọn, ìwé ètò wo ló sì fi ṣe atọ́nà?

Ìrántí Màròkó kò sì tíì kúrò lọ́kàn wa. Lóṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun fi ọjọ́ méje péré kìlọ̀ fún nǹkan bí 300,000 èèyàn, wọ́n sì wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ara ohun tí wọ́n sọ nígbà náà ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ jù, pé omi lè bò ó. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí, àwọn ilé olówó ńláńlá ló wà níbẹ̀. Omi tí yóò gbé tálákà lọ, ó ṣe wá ń bọ̀wọ̀ fún olówó? Ó dùn mọ́ mi nínú pé lóṣù kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ará etí omi bíi Ọ̀tòdó Gbàmẹ̀, pé lílé èèyàn kúrò nílé láìpèsè ibòmíràn fún wọn jẹ́ ìwà ìkà tó lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í jí ilé tó ti wó dìde.

Àwọn ìlú kan wà láyé tí wọ́n ń ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹ wo Singapore. Lọ́dún 1971 ni wọ́n ṣe ètò onígbà pípẹ́ wọn àkọ́kọ́, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń yẹ ètò ńlá náà wò ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Èyí tó kéré sí i, tó ń sọ ohun tí a lè kọ́ sórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń pàtẹ àbá náà kí ará ìlú lè rí i kó tó di òfin. Mo mọ̀ pé ìlú kékeré ni, pé ìjọba ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn, pé ìjọba wọn kì í fẹ́ àríwísí púpọ̀. A kò ní láti dà bíi wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a kọ́: ọjọ́ tí wọn yóò tún ètò wò ti wà nílẹ̀ kí ìjọba kankan tó dé, kì í ṣe ìgbà tó bá wu gómìnà.

Kí wá ni ṣíṣe? Èkíní, kí ìjọba tó gbé ìwé tuntun síwájú wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jíhìn èyí tó ti kọjá: èwo ni a ṣe, èwo ni a kò ṣe, ilẹ̀ wo ni a ti yí padà, ta ni a yí i fún. Èkejì, ẹ sọ ọ́ ní èdè wa. L'Ékòó, Yorùbá ń bẹ, Ẹ̀gùn ń bẹ, Haúsá ń bẹ, Ìgbò ń bẹ, èdè pidgin sì ń bẹ. Ẹ gbé máàpù náà lọ sínú ọjà àti gáréèjì, kí ó má wà ní sẹkitéríàtì nìkan. Ẹ̀kẹta, ìbéèrè tí ará ìlú bá béèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ètò bá máa ṣí nípò, kí ibi tó ń lọ wà nílẹ̀ kí àmì pupa tó dé ara ògiri rẹ̀, kí wọ́n sì ka ọjà rẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, kí owó ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ètò máa jáde nínú ètò ìṣúná ọdọọdún, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì máa bèèrè rẹ̀.

Iṣẹ́ wà lọ́rùn àwa náà. Lára wa ló wà tó ń ra ilẹ̀ lójú omi nítorí pé ó dínwó, tí a sì ń bẹ òṣìṣẹ́ kó mójú kúrò. Nígbà tí wọ́n bá lẹ ìkéde ìpàdé mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀, a kì í dúró kà á. Ìwé ètò ọgbọ̀n ọdún yìí yóò parí lọ́dún 2052. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó jáde yóò pé ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Irú títì tí yóò máa rìn lórí rẹ̀, bóyá yóò ríbi sùn, bóyá òjò yóò máa lé e jáde lóru, orí máàpù ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀ báyìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún ètò àdúgbò yín ṣe, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Ẹ lọ. Ẹ mú ìyálọ́jà àti ọmọ onímọ́tò dání. Ẹ dúró níwájú máàpù náà, kí ẹ sì bèèrè ohun tí ìyá aláta yẹn bèèrè. Bí wọ́n bá ti dá yín lóhùn, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀.